Ìwé Owó Orí Tí Mọ́níkẹ́ Kò Kà Kó Tó Fọwọ́ Sí I

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Ìyá Àfúsá wà nídìí ìkòkò aró lẹ́yìnkùlé ilé wọn ní Ìjẹmọ̀, ní Abẹ́òkúta. Ó ń fa adìrẹ ẹlẹ́kọ yọ nínú aró, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgùnpá. Mọ́níkẹ́ ọmọ rẹ̀ ń gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń sá a sórí okùn. Bí èèyàn bá ń kọjá, á kí wọn bí a ṣe ń kí aláró pé, "Àrẹdú o!" Ìyá á dáhùn láìgbójú sókè.

Fóònù Mọ́níkẹ́ dún. Christianah ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fi àwòrán lẹ́tà kan ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Ilé Christianah ni Mọ́níkẹ́ àti Láńre ọkọ rẹ̀ gbé kẹ́yìn ní Houston, ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó kó wálé ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn.

Ohùn Christianah tẹ̀lé àwòrán náà: "Mọ́níkẹ́, àwọn agbowó-orí ibí ló kọ lẹ́tà sí ọ o. Mo tú u torí pé ìwọ fúnra rẹ lo ní kí n máa bá ọ tú ohun tó bá dé. Jọ̀ọ́, jókòó kó o tó kà á."

Mọ́níkẹ́ kò jókòó. Orí ìdúró ló ti kà á.

Lẹ́tà náà ní ìwé owó orí ọdún tó kọjá tí Mọ́níkẹ́ fi ránṣẹ́ ti tẹ àwọn lọ́wọ́. Ó ní nínú ìwé náà, Mọ́níkẹ́ sọ pé Houston lòun ń gbé, pé ibẹ̀ lòun ti ń ṣiṣẹ́, pé òun ń tọ́ ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan, òun sì fẹ́ kí ìjọba dá owó padà fún òun nítorí ọmọ náà. Wọ́n kọ nọ́ńbà àkáǹtì tó ní kí àwọn san owó náà sí, wọ́n sì ní kó fi ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ náà ránṣẹ́, tàbí ìwé dókítà rẹ̀. Ìdí ni pé nínú àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ àwọn, ọmọ tó ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ yẹn ti kú.

Orúkọ ọmọ náà wà níbẹ̀ gàdàgbà: Àdúràgbèmí.

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Mọ́níkẹ́, ó ṣubú sínú erùpẹ̀.

Àdúràgbèmí ni àkọ́bí rẹ̀. Houston ni wọ́n bí i sí, oṣù méje péré ló lò láyé. Àìsàn ọkàn ló pa á, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí Mọ́níkẹ́ àti Láńre fi palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, nítorí wọn ò lè máa gba iwájú ilé ìwòsàn yẹn kọjá mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé Abẹ́òkúta, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ ọmọ náà nínú ilé.

"Kí ló dé? Ta ló kú?" ni Ìyá Àfúsá bèèrè.

"Màámi, wọ́n ní Àdúràgbèmí wà láàyè. Wọ́n ní èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí.

Ọdún mẹ́rìnlá ni Mọ́níkẹ́ lò ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ títọ́jú arúgbó ló ń ṣe. Ó di ọmọ orílẹ̀-èdè náà, ó gba pálí wọn, ìyẹn ìwé ìrìnnà. Nígbà tó padà wálé, ó wọ iṣẹ́ aró ìyá rẹ̀. Òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta adìrẹ fún àwọn oníbàárà òkè òkun, ọjà náà sì ń tà. Láńre ní tirẹ̀ ń ti Abẹ́òkúta lọ sí ọ́fíìsì ní Èkó láràárọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, Mọ́níkẹ́ lọ ṣí àkáǹtì dọ́là ní báǹkì kan ní Ìbarà. Ọmọbìnrin tó ń dá a lóhùn wo ìwé rẹ̀.

"Mà, ṣé ọmọ Amẹ́ríkà ni yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kí ló fà á?"

"Fọ́ọ̀mù tiyín yàtọ̀ ni, mà. A gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìjọba ibẹ̀ mọ̀ pé ẹ ní àkáǹtì lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yin náà sì ń fi ìwé owó orí ránṣẹ́ sí wọn lọ́dọọdún, àbí?"

"Èmi tí mò ń ta adìrẹ ní Abẹ́òkúta? Kí ló pa èmi àti wọn pọ̀?"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì na fọ́ọ̀mù náà sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Mọ́níkẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn èèyàn léèrè, ibẹ̀ ni ẹnì kan ti júwe Saheed fún un.

Saheed ní ọ́fíìsì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìbarà. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, àsíá Amẹ́ríkà kékeré kan wà lórí tábìlì, Saheed alára sì fún táì mọ́ ọrùn pinpin.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀," ló wí. "Iṣẹ́ tí mo yàn láàyò nìyí. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀, wọ́n á tún dá owó padà fún yín. Ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà ni tèmi."

"Owó wo? Ó ti pẹ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn kẹ́yìn."

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Ẹ sáà kó gbogbo ìwé yín wá, títí kan ìwé owó orí tẹ́ ẹ kọ kẹ́yìn nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún."

Mọ́níkẹ́ kó ìwé lọ nínú àpò ńlá kan. Kò tú u wò. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí kò ti lè tú àpò yẹn wò. Inú rẹ̀ ni ìwé owó orí tó kọ kẹ́yìn ní Houston wà, orúkọ Àdúràgbèmí àti nọ́ńbà rẹ̀ sì wà nínú ìwé náà.

Saheed na fọ́ọ̀mù kan sí i, ó fi bírò fa àmì síbi tó yẹ kó fọwọ́ sí.

"Kò sí nǹkan kan lórí ìwé yìí," ni Mọ́níkẹ́ wí.

"Kọ̀ǹpútà ló máa kọ ìyókù, mà. Ẹ sáà fọwọ́ sí i."

Ó fọwọ́ sí i. Ó tún san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà náírà tí Saheed pè ní owó fọ́ọ̀mù.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Obìnrin tí kì í gba aṣọ funfun lọ́wọ́ aláṣọ láìkọ́kọ́ tẹ́ ẹ sílẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lójú méjèèjì fọwọ́ sí ìwé òfìfo, torí pé ọkùnrin kan wọ táì.

Nígbà tí Mọ́níkẹ́ sọ gbogbo èyí tán lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ náà, Ìyá Àfúsá bomi fọ ọwọ́. Aró kò lọ. Ó nu ọwọ́ náà mọ́ ìró, ó sì wí pé, "Dìde, ká lọ bá a."

Saheed dìde nígbà tó rí wọn. "Ẹ káàárọ̀, Alhaja. Ẹ jókòó."

"Mi ò wá jókòó. Ìwọ lo kọ ọ́ síwèé pé ọmọ ọmọ mi wà láàyè. Mú un jáde kí n rí i."

Mọ́níkẹ́ gbé fóònù sí i lójú. Saheed ka lẹ́tà náà. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ yí, lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀rín bò ó.

"Ẹ má jẹ́ kí èyí dà yín láàmú. Nọ́ńbà lásán ni, mà. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọmọ náà kò kúkú sí níbẹ̀ mọ́, kò lè bínú."

"Nọ́ńbà lásán?" Ìyá Àfúsá lu tábìlì tó bẹ́ẹ̀ tí àsíá fi ṣubú. "Ọmọ oṣù méje! Mi ò fọwọ́ kàn án rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sin ín, inú fóònù ni mo ti ń wò ó, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní Ìjẹmọ̀. Ìwọ wá hú u jáde kó o lè fi gba owó! Ta lo gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀? Ta ló ní kó o fọwọ́ kàn án?"

Mọ́níkẹ́ bi í ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Àkáǹtì ta lo ní kí wọ́n san owó náà sí? Èyí tó wà nínú lẹ́tà yìí kì í ṣe tèmi."

Saheed jókòó padà. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ẹ jẹ́ n là á mọ́lẹ̀ fún yín. Orúkọ ta ló wà lórí ìwé náà? Ta ló fọwọ́ sí i? Kò sí orúkọ tèmi níbì kankan. Bẹ́ ẹ bá lọ pariwo, ẹ̀yin ni wọ́n máa mú. Ẹ máa lọ sílé yín, kẹ́ ẹ dákẹ́."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Mọ́níkẹ́ pe Láńre ní Èkó, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀," ni Láńre wí. "Ta ló máa ti Amẹ́ríkà wá sí Ìjẹmọ̀ nítorí ìwé? A ò tún padà síbẹ̀ mọ́. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, Mọ́níkẹ́. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ."

Ìyá Àfúsá gba fóònù. "Láńre, mo mọ ibi tó ń dùn ọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá dákẹ́, irọ́ yẹn ló máa dúró. Inú ìwé ìjọba ni yóò wà títí ayé pé ìyá kan fi òkú ọmọ rẹ̀ ṣòwò. Ọmọ tèmi kọ́."

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mú Mọ́níkẹ́ lọ sọ́dọ̀ Haleemah ní Òwu. Oníbàárà Ìyá Àfúsá ni Haleemah. Akáǹtáǹtì ni, ọdún mọ́kànlá ló sì fi bá àwọn èèyàn kọ ìwé owó orí ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú ìwé àṣẹ, kó tó padà wálé.

Haleemah ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Inú ń bí mi," ló wí. "Ó ń bí mi sí ọkùnrin yẹn, ó sì ń bí mi sí ìwọ náà díẹ̀. Ìwé òfìfo, Mọ́níkẹ́?"

Mọ́níkẹ́ tẹ orí ba. "Àǹtí, ṣé ó tiẹ̀ yẹ kí n kọ nǹkan kan sí wọn? Mi ò gbé ibẹ̀ mọ́."

"Ibi tó o ń gbé kọ́ ni wọ́n ń wò. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, bí èèyàn bá ti kó kúrò pátápátá, tí kò fi ilé tàbí òwò tó ń mówó wọlé sílẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ owó orí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nìyẹn. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè wọn, tàbí tó ní káàdì ìgbélùú wọn, ìyẹn 'green card', lọ́wọ́, tí owó tó ń wọlé fún un bá ti tó iye tí òfin wọn dá, gbọ́dọ̀ kọ ìwé sí wọn lọ́dọọdún, ì báà jẹ́ Ìjẹmọ̀ ló ń gbé. Gbogbo owó tó wọlé fún un níbikíbi láyé ló sì máa kọ síbẹ̀. Fún ẹni tó ń dá ṣòwò bíi tìrẹ, iye yẹn kéré gan-an: èrè irínwó dọ́là lọ́dún ti tó."

Ìyá Àfúsá bínú dìde. "Ìrẹ́jẹ rèé o! Aró tí a pò ní Ìjẹmọ̀, kí ni Amẹ́ríkà bá wa pò níbẹ̀?"

"Alhaja, ẹ jẹ́ n parí. Kíkọ ìwé yàtọ̀ sí sísan owó. Òfin kan wà tó ń yọ owó tí èèyàn ṣiṣẹ́ rí nílẹ̀ òkèèrè kúrò, títí dé iye tó pọ̀ dáadáa. Òmíràn wà tó ń jẹ́ kí wọ́n yọ owó orí tó ti san fún ìjọba níbí kúrò nínú tiwọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í san nǹkan kan níkẹyìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ ìwé nìkan ló lè jẹ àǹfààní yẹn. Mi ò sì ní parọ́ fún yín bíi ti Saheed: torí pé Mọ́níkẹ́ ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, owó kan wà tí wọ́n ń gbà fún ètò ìfẹ̀yìntì wọn, àwọn òfin méjèèjì yẹn kì í yọ ọ́ kúrò. Ó ṣeé ṣe kó san díẹ̀."

"Àkáǹtì dọ́là mi ńkọ́?"

"Ìwé tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Bí owó inú gbogbo àkáǹtì rẹ níbí, náírà àti dọ́là, bá pọ̀ ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là lọ lápapọ̀, kódà lọ́jọ́ kan ṣoṣo láàárín ọdún, o gbọ́dọ̀ sọ fún wọn. Wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ ni, wọn ò ní mú nínú rẹ̀."

"Ẹni tí kò mọ̀ rárá ńkọ́, Àǹtí? Bíi tèmi?"

Haleemah mí kanlẹ̀. "Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ọ̀nà wà fún ẹni tí kò mọ̀ lóòótọ́. Á kọ ìwé owó orí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, á sọ ti àkáǹtì ọdún mẹ́fà, á ṣàlàyé pé àìmọ̀ ni. Ẹni tó ń gbé òkèèrè tó bá gba ọ̀nà yẹn, wọn kì í bu ìtanràn lé e. Ká ní ọ̀dọ̀ mi lo kọ́kọ́ wá ni, ibẹ̀ ni à bá gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé rẹ̀ wò kò lè gba ibẹ̀ mọ́. Saheed ti ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ ọ."

"Ó ní èmi ni wọ́n máa mú."

"Òótọ́ díẹ̀ ló fi bo irọ́ ńlá. Òótọ́ ni pé ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ló ni ohun tó wà nínú ìwé, kódà bó jẹ́ ẹlòmíràn ló bá a kọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní kí ẹni tó bá gbowó bá èèyàn kọ ọ́ fi orúkọ ara rẹ̀ àti nọ́ńbà tí ìjọba fún un sí i. Saheed kò fi sí i. Òṣìṣẹ́ wo ló ń sá fún iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ bí kò ṣe olè? Àwọn agbowó-orí mọ̀ pé irú àwọn Saheed pọ̀. Ẹni tó bá tètè jáde sọ òótọ́ kò rí bí ẹni tó dákẹ́ lójú wọn. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fún ọ. Mọ́kànlá ti lọ nínú rẹ̀. Ṣé o fẹ́ dákẹ́ ni?"

"Rárá," ni Mọ́níkẹ́ wí.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Christianah lọ gba ẹ̀dà ìwé ikú ọmọ náà ní Houston. Mọ́níkẹ́ kọ bí ó ṣe pàdé Saheed, ohun tó sọ, àti iye tó gbà. Haleemah kọ fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń fẹjọ́ ẹni tó bá fi ìwé owó orí ṣe jìbìtì sùn. Ó ku ibi tí wọ́n ti máa ṣàlàyé ọmọ náà: ọjọ́ tí wọ́n bí i, ọjọ́ tó kú, ibi tí wọ́n sin ín sí. Lẹ́ẹ̀mẹta ni Mọ́níkẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí kò lè parí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, Láńre jókòó tì í. Ó gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. "Jẹ́ n kọ ọ́," ló wí. "Èmi ni bàbá rẹ̀." Ó kọ ọ́ tán, ó sì jáde lọ dúró lẹ́yìnkùlé fún ìgbà pípẹ́.

Wọ́n gbé ẹjọ́ Saheed lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Nígbà tí wọ́n tú ọ́fíìsì rẹ̀, ìwé èèyàn mẹ́tàlá mìíràn ló wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, gbogbo wọn ti fọwọ́ sí ìwé òfìfo bíi ti Mọ́níkẹ́. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ bàbá arúgbó tó ní káàdì ìgbélùú. Saheed ti kọ ọ́ pé bàbá náà bí ìbejì lẹ́ni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin! Ẹjọ́ náà wà ní kóòtù báyìí.

Lóṣù kẹjọ, èsì dé láti Amẹ́ríkà. Wọ́n ti fagi lé ìwé Saheed. Owó náà kò tíì jáde nígbà tí wọ́n ti fura, wọn ò sì ka Mọ́níkẹ́ sí ọ̀dàràn. Ṣùgbọ́n ó ní láti kọ ìwé tòótọ́ fún ọdún náà àti àwọn ọdún tó ṣáájú. Owó ètò ìfẹ̀yìntì wà láti san, èlé àti ìtanràn pé ó pẹ́ kó tó kọ ìwé sì wà lórí rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń san án. Ìtanràn yẹn ì bá má sí, ká ní ó ti mọ̀ ṣáájú.

Láńre ló ka lẹ́tà náà sókè fún Ìyá Àfúsá.

"Wọ́n ní àwọn ti yọ orúkọ Àdúràgbèmí kúrò, Màámi."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìyá gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dé.

"Kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ," ni ìyá wí. Mọ́níkẹ́ ní, "Àmín." Láńre náà ní, "Àmín."

Ẹ̀yin èèyàn wa nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní pálí Amẹ́ríkà tàbí káàdì ìgbélùú wọn, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí ọmọ síbẹ̀ tí ọmọ náà ti dàgbà tó ń ṣiṣẹ́ níbí, ọ̀rọ̀ yín la sọ yìí. Wíwálé kò pa òfin yẹn rẹ́. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹrin ni gbèdéke wọn lọ́dọọdún. Wọ́n ń fún ẹni tó ń gbé òkèèrè láyè kíkọ ìwé títí di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹfà, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé owó wà láti san, èlé ti ń gorí rẹ̀ láti oṣù kẹrin. Ẹ tọ́jú rìsíìtì owó orí tẹ́ ẹ bá san ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ó máa wúlò fún yín. Bó bá sì ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti kọ ìwé kẹ́yìn, ẹ má jókòó de lẹ́tà. Ọ̀nà àtúnṣe rọrùn fún ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun náà, tẹ́ ẹ kọ́lé tí ẹ ń gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ayálégbé ní Abẹ́òkúta, ẹ béèrè ohun tí òfin ibí sọ nípa owó orí ilé yẹn. Kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àjọ agbowó-orí fúnra rẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ní òun mọ ènìyàn níbẹ̀.

Ẹni tó bá ní ìdá kan nínú owó tí wọ́n máa dá padà ni òun yóò gbà, ẹ sá fún un. Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ìwé tó bá yín kọ, ẹ gba ìwé yín lọ́wọ́ rẹ̀. Àkáǹtì tó bá jẹ́ tiyín nìkan ni kí owó yín wọ̀. Kò sì sí ìwé tó yẹ kẹ́ ẹ fọwọ́ sí láìjẹ́ pé ẹ ti kà á dé ìsàlẹ̀, bí ojú kò bá tilẹ̀ ríran, ẹ wá ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán kó kà á fún yín.

Bí ìwé bá sì ti wọ́, bí ẹni tó tàn yín jẹ bá jókòó sórí àga tó ń ní kẹ́ ẹ máa lọ sílé kẹ́ ẹ dákẹ́, ẹ mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun náà. Ìgbà yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀.